Ọmọ Tí A Lọ Mú ní Ẹ̀gbẹ́dá

Àwọn tó ń ti Kétu tiwa, lódìkejì ẹnubodè, lọ sí Èkó, iṣẹ́ ni wọ́n máa ń wá lọ. Èmi àti ọkọ mi kò wá iṣẹ́. Òun ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tirẹ̀ nílé, èmi ní maṣíìnì ìránṣọ, a sì ti fi ọdún gbọọrọ wá ọmọ tí a kò rí. Nígbà tí àbúrò mi, Àbẹ̀kẹ́, kú sí Ẹ̀gbẹ́dá, tó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀, kò sẹ́ni tó pe ìpàdé lé e lórí nílé wa. Ọmọ àbúrò ẹni, ọmọ ẹni ni. Bàbá ọmọ náà ti kú kí wọ́n tó bí i. Ọwọ́ ta ni a tún fẹ́ ti tọrọ rẹ̀? A ní a ó sọdá ẹnubodè, a ó mú un, a ó sì padà sílé kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Aṣọ dúdú ni mo wọ̀ lọ. Kátólíìkì ni wá nílé, a kì í sì í fi ọ̀fọ̀ ṣeré. Mo wé gèlè dúdú, mo wọ bùbá dúdú, mo fi ìborùn dúdú lé èjìká. Inú ọgbà ìjọ aláṣọ funfun kan ni Àbẹ̀kẹ́ ń gbé kó tó kú, ibẹ̀ náà ni ọmọ rẹ̀ wà. Èmi kò mọ̀ pé èèwọ̀ ni aṣọ dúdú àti aṣọ pupa níbẹ̀. Bí mo ṣe ń wọlé ni gbogbo àgbàlá dákẹ́. Àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ nàró. Ọkùnrin kan tó wọ sùtánà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lásán, na ọwọ́ sí mi láti òkèèrè bí ẹni ń lé adìẹ.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbẹ̀ yẹn. A kì í wọ dúdú wọ ibí."

"Àbúrò mi ló kú," mo ní.

"A mọ̀, mà. Ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ ṣì dúró síta ná."

Ọmọ kékeré kan ń yọjú lẹ́yìn ìyá àgbà kan. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni fi hàn mí. Iwájú orí ìyá wa ló gbé sórí, ojú Àbẹ̀kẹ́ sì ni ojú rẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i. Ó wo aṣọ ara mi láti òkè délẹ̀, ó figbe ta, ó sì ki orí bọ abẹ́ sùtánà ìyá àgbà náà. Mo dúró sí títì Ẹ̀gbẹ́dá, mo ń sunkún lójú àwọn oníkẹ̀kẹ́. Ojú tì mí, inú sì bí mi.

Ìyá àgbà yẹn ni gbogbo ìjọ ń pè ní Ìyá Àdúrà. Òun ló ń tọ́jú Morẹ́nikẹ́, ọmọ Àbẹ̀kẹ́, láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀. Ó bá wa jáde síta, ó ní kí n lọ pààrọ̀ aṣọ, kí èmi àti ọkọ mi padà wá jẹun. Nígbà tí a jẹun tán, ọkọ mi sọ ohun tí a bá wá. Ìyá Àdúrà wo ọmọ náà, tó jókòó sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tó ń ṣọ́ wa.

"Ẹbí ni yín, mi ò lè dá yín dúró," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò tíì mọ̀ yín. Ẹ ò ṣe sinmi díẹ̀? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A kò sinmi. Ní tiwa, kò pọn dandan kí ọmọ ọdún márùn-ún kọ́kọ́ mọ ẹbí rẹ̀ kí wọ́n tó mú un lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mú ọkọ mi gan-an láti ilé ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó sì dàgbà níbẹ̀.

Nígbà tí a mú un dé ẹnubodè, ọ̀gá kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù lóṣòó síwájú Morẹ́nikẹ́, ó nawọ́ sí mi.

"Ta lèyí?"

"Mi ò mọ̀ wọ́n."

"Níbo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ sílé. Lọ́dọ̀ Ìyá Àdúrà ní Ẹ̀gbẹ́dá."

Ẹ̀gbẹ́dá wà lẹ́yìn wa pátápátá. Ọ̀gá náà dìde, ó béèrè ìwé. Ìwé wo? Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìran wa fún un, ti bàbá mi, ti ìyá mi, ilé tí wọ́n ti bí Àbẹ̀kẹ́. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Bàbá, ẹni tó bá jí ọmọ ọlọ́mọ gbé náà, ohun tó máa sọ nìyẹn," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká padà."

Mo ṣépè fún un nínú ọkàn mi, mi ò ní purọ́. Ó pẹ́ kí n tó gbàdúrà fún un dípò èpè. Ká ní ó jẹ́ ká kọjá ni, Morẹ́nikẹ́ ì bá dàgbà sínú ilé mi pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ńṣe ni wọ́n jí òun gbé, kò sì sí oúnjẹ tí mo lè sè tí yóò mú ìyẹn kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Wọ́n fà wá lé obìnrin kan lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé. Wẹ́fíà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Kò pariwo mọ́ wa. Ó dá ọmọ padà sọ́dọ̀ Ìyá Àdúrà, ó sì pè wá jókòó.

"Mà, ẹbí yín ni, mo gbà. Tí ẹ bá fẹ́ gbà á ṣọmọ, ó lọ́nà tó ń gbà. Ọ̀kan nínú yín á wá gbé níbí, kí ọmọ máa wá sọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi náà á máa yà wò yín. Tó bá yá, gbogbo wa á jọ lọ bá adájọ́."

"Báwo ló ṣe máa pẹ́ tó?" ọkọ mi béèrè.

"Ìyẹn dọwọ́ ọmọ, sà."

Iṣẹ́ àwọn ènìyàn wà lọ́rùn ọkọ mi nílé, nítorí náà òun ló padà. Ó bi mí bóyá màá lè dá wà. Mo sọ fún un pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, àti pé mi ò ní fi ọwọ́ òfo wọ Kétu. Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán, ni mo tó mọ̀ pé mi ò mọ ojú ọ̀nà tí màá gbà padà síbi tí a wọ̀ sí.

Yàrá kan ni mo gbà lẹ́bàá ọ̀nà Ìdímù, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá. Ṣọ́ọ̀ṣì wà lápá ọ̀tún, ṣọ́ọ̀ṣì wà lápá òsì, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ sì wà ní àárín. Mo ti rò pé bí èdè bá jẹ́ Yorùbá, wàhálà ti tán. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé, mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, Yorùbá Èkó sì dà bí ìrẹsì tó kún fún òkúta. Mò ń jẹ ẹ́ lọ dáadáa, lójijì eyín mi á kan nǹkan. Ìyàwó onílé á ní kí n "ṣíìfù" díẹ̀, kí n má "wọ̀rí," màá sì dúró bí ère, àwọn ọmọ ilé á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ṣe ń kíni tún ni ìṣòro kejì. Nílé wa, tí mo bá bá àgbà pàdé láàárọ̀, màá kúnlẹ̀, màá béèrè oorun rẹ̀, màá béèrè aya, ọmọ, ara, àti ẹni tó ṣàìsàn lóṣù tó kọjá. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé, mo kúnlẹ̀ fún bàbá kan tó ń gbé ní yàrá iwájú, mo sì bẹ̀rẹ̀. Àpò wà lápá rẹ̀, bàtà kan ṣoṣo ló ti wọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, alẹ́ ni ká kí ara wa, jàre," ó ní. "Mo ti lẹ́ẹ̀tì."

Láti ọjọ́ náà, tó bá ti gbọ́ ìró ilẹ̀kùn mi láàárọ̀, ẹ̀yìn ilé ló ń gbà jáde.

Ará Kútọnu ni wọ́n ń pè mí. Mi ò sun Kútọnu rí láyé mi. Mo ṣàlàyé títí pé Kétu ni mo ti wá, pé ìlú Yorùbá ni, pé a ní ọba tiwa tí oyè rẹ̀ ti pẹ́ nílẹ̀, pé ẹnubodè tí àwọn òyìnbó là sáàárín wa kò bá ẹnikẹ́ni nínú wa sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó là á. Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà, "Ará Kútọnu, ẹ fún wa lómi." Ohun tó ń dùn mí ni pé bí ará Hausa bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n á ní àjèjì ni. Bí èmi bá ṣi í sọ, wọ́n á ní mi ò gbọ́n. Àjèjì tó jọ onílé, kò sẹ́ni tó ń dárí jì í. Mo máa ń rò ó tí mo bá dá jókòó lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí gbogbo ilé bá ti lọ sí ìsìn, tí mi ò sì mọ ilé ẹni tí mo lè yà sí. Àárò ilé ṣe mí débi pé mo ń fẹ́ gbọ́ ohùn àwọn tí mo kórìíra nílé pàápàá.

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan wà ní iwájú ọgbà ìjọ. Sùtánà nìkan ni wọ́n ń rán níbẹ̀, ti àgbà, ti ọmọdé, pẹ̀lú àmùrè tí wọ́n fi ń so ìbàdí. Mo wọlé lọ béèrè iṣẹ́. Ọ̀gá ibẹ̀ wò mí.

"Ṣé ẹ ti rán sùtánà rí?"

"Mo ti rán ti fáda."

"Ti fáda ní bọ́tìnnì láti ọrùn délẹ̀. Tiwa ò ní."

"Ṣé ẹ wá rí i pé tiyín ló rọrùn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fún mi láṣọ kan láti fi dán mi wò. Mo rán an tán kó tó jẹun ọ̀sán rẹ̀ tán. Ó yí i síta, ó yí i sínú, ó wá ojú rírán tó wọ́, kò rí. Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí ní Ìyá Fáda, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju Ará Kútọnu lọ. Ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ ní Èkó nìyẹn, mi ò sì jẹ́ kí ọkọ mi sinmi lórí fóònù nítorí rẹ̀.

Tí Morẹ́nikẹ́ bá ti ilé ìwé dé, Ìyá Àdúrà á rán an sọdá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Àṣẹ wẹ́fíà ni. Á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, kò ní wọlé, ojú rẹ̀ kò sì ní kúrò lára ọgbà ìjọ. Mi ò bá a sọ̀rọ̀. Mo máa ń gbé àkàrà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, màá yíjú sí maṣíìnì mi. Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Nígbà tó tún pẹ́, ó wọlé, ó ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́, torí ojú tèmi kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń ki òwú lọ, ó ní,

"Ṣé ẹ mọ Mọ̀mí mi?"

Mo dá maṣíìnì dúró. "Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Tí ìyá wa bá lọ oko, ẹ̀yìn mi ló ń wà látàárọ̀ dalẹ́."

"Ṣé ó wúwo?"

"Ó wúwo, ó sì máa ń já mi nírun."

Ó rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí eyín rẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ náà. Mo ń rán aṣọ lọ, mo ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún un, mo sì rán apá ọ̀tún sùtánà mọ́ ọrùn. Ó di dandan kí n tú u. Láti ọjọ́ náà, ìtàn ìyá rẹ̀ ló máa ń béèrè tó bá ti dé, mo sì ń fún un ní díẹ̀díẹ̀ kó má bàa tán.

Ọkọ mi ń pè mí déédéé. Ó máa ń sọ ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, ẹni tó fẹ́ àga tí kò tíì wá gbé e. Lọ́jọ́ kan, ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Ó ní àwọn ará àdúgbò ń béèrè ọmọ lọ́wọ́ òun, ó sì ti rẹ òun láti máa dáhùn.

"Ìyàwó mi, bóyá kí o máa bọ̀ wálé. A ti gbìyànjú. Ọlọ́run rí wa."

"Ẹ sọ fún wọn pé a ṣì ń bọ̀."

"Tí ọmọ náà kò bá gbà ńkọ́?"

"Ó ti ń gbà. Ó rẹ́rìn-ín sí mi."

Ẹ̀rín ọmọdé kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè gbé han ará àdúgbò, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé tó bá jẹ́ pé irun mi máa funfun sí Ẹ̀gbẹ́dá, kó funfun, mi ò ní fi ọmọ Àbẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo padà sídìí maṣíìnì mi.

Wẹ́fíà ń yọjú láìsọ tẹ́lẹ̀. Á wo ibùsùn, á ṣí ìkòkò, á bi Morẹ́nikẹ́ ní ìbéèrè lẹ́yìn mi. Nígbà tó yá, ọmọ náà ń sun ọ̀dọ̀ mi láti ọjọ́ Jímọ́ọ̀ dọjọ́ Àìkú, ó sì ń ti ibẹ̀ lọ sí ìsìn. Ìyá Àdúrà ló wá gbé ẹní rẹ̀ wá fúnra rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fọwọ́ tẹ́ igun rẹ̀ dáadáa, ó ní ọmọ ló béèrè pé kí òun gbé e wá. Ó nira fún un, mo rí i. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí a ṣe ń dúpẹ́ ní Kétu, òun nìkan ló sì ní sùúrù ní gbogbo Ẹ̀gbẹ́dá láti gbọ́ ọ tán.

Ọkọ mi wá nígbà tí ilé ẹjọ́ pè wá. Adájọ́ náà, obìnrin, bi Ìyá Àdúrà ní ohun tó mọ̀ nípa wa. Ìyá Àdúrà dìde nínú aṣọ funfun rẹ̀.

"Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, ẹbí ọmọ yìí ni wọ́n," ó ní. "Ẹ̀rù wọn sì ń bà á. Ìyá yìí jókòó síwájú ọgbà wa títí ẹ̀rù fi kúrò. Mi ò bímọ tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi."

Adájọ́ fi Morẹ́nikẹ́ lé wa lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọ wa. Ó ní a lè mú un lọ sílé wa báyìí. Ọkọ mi sunkún gbangba, kò nu ojú. Ó ṣáájú wa padà sí Kétu láti tún ilé ṣe, a sì fẹnu kò pé kí ọmọ parí táàmù, kí èmi àti òun wá máa bọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé gba ìsinmi, mo tú ẹrù wa sórí ibùsùn, a ń dì í. Morẹ́nikẹ́ ń ká aṣọ rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ.

"Àǹtí, nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé ibí, ṣé ó dùn yín?"

"Kí ló dùn mí?"

"Pé ẹ ò mọ ẹnikẹ́ni."

Mi ò fẹ́ purọ́ fún un. Nǹkan púpọ̀ ni mo ti ṣe kí ọmọ yìí tó lè gbà mí gbọ́. "Ó dùn mí gan-an," mo ní.

"Ṣé ó ti tán?"

"Ó ti dínkù."

Ó ká aṣọ kan sí i, ó tẹ́ ẹ. "Ṣé ó máa dun èmi náà tí a bá dé ilé yín?"

Kò sunkún. Kò ní òun ò lọ. Ó béèrè bí ọmọ ṣe máa ń béèrè bóyá abẹ́rẹ́ máa dun òun, tó sì ti ká apá aṣọ sókè. Ká ní ó sunkún ni, ǹ bá rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, à bá sì lọ. Mo jáde sí ẹ̀yìn ilé, mo pe ọkọ mi.

"Mi ò lè mú un wá," mo ní.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Adájọ́ ti fún wa."

"Ó ti fún wa. Ẹ gbọ́ mi. Ọmọ yìí kò ní bàbá, kò ní ìyá. Ẹ̀gbẹ́dá ló kù fún un, àwa la sì tún fẹ́ gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti gbé ìlú onílùú, mo mọ bó ṣe rí. Nínú èmi àti òun, ẹnì kan ní láti gbé ìlú onílùú. Èmi ni àgbà."

Mi ò ní ọ̀rọ̀ kejì láti fi bẹ̀ ẹ́, ilé tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ni mo ní kó fi sílẹ̀.

"A kúrò nílé pé a ń lọ mú ọmọ wá," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó wá jẹ́ pé ọmọ ló mú wa."

Mi ò mọ̀ bóyá ó ń bínú. Mo gbọ́ tó fa àga, tó jókòó, tó sì mí kanlẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn méjì ṣì wà lọ́wọ́ òun fún oníbàárà kan, òun kò lè sá fi wọ́n sílẹ̀.

"Sọ fún un kó tú ẹrù rẹ̀," ó ní. "Tèmi ni mo fẹ́ lọ dì."